Gbígbé Iwájú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Sókè

Nígbà tí àpáta ojú ọ̀nà oko fọ́ abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Alága Akínpẹ̀lú pe ìpàdé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láì fi bọpo bọyọ̀.

"Ìbíkúnlé, ìgbà kìíní, a ní àṣìṣe ni. Ìgbà kejì rèé. Tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wàá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì yìí, Babáfẹ́mi yóò sì mú un."

Babáfẹ́mi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó sì fi awò dúdú sójú nínú ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alága ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wa ọkọ̀ ní Èkó kó tó padà wálé nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, nítorí ó rò pé ìjọba tuntun kò ní ṣaláì nílò awakọ̀. Ọdún kejì rèé, ìjọba kò tíì ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó gbọn ìka rẹ̀ bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú rẹ̀.

Ìbíkúnlé dọ̀bálẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Pijó ni ọkọ̀ náà, funfun tó ti di àwọ̀ ẹ̀kọ. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí oko wọn wà ní ìhà odò Ọgbẹ́sẹ̀, lẹ́yìn Èmùré, ni wọ́n dáwó rà á láti máa fi kó iṣu àti kòkó jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìbíkúnlé lọ́wọ́, ó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́, òun àti Ọdúnayọ̀ ìyàwó rẹ̀ yóò padà lọ máa bẹ àbúrò fún ebè.

Ìpàdé náà yẹ kó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gba wákàtí mẹ́ta, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Gbogbo wọn gbà pé iwájú ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ó sì yẹ kí a gbé e sókè. Bí yóò ṣe ga tó ni wọn kò fẹnu kò lé lórí.

Bàbá Joshua, akápò ẹgbẹ́, ní kí wọ́n gé táyà àlòkù wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì kì í bọ àárín sípíríǹgì. Bàbá Babájídé, tó dàgbà jù láàárín wọn, ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Sípíríǹgì típà ni kí wọ́n lọ wá.

"Ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ àwọn ará Ìsẹ̀?" ó bi wọ́n. "Ó ga débi pé àgbò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì tẹrí ba."

"Tiwa gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Alága wí. "Ṣé àwọn ará Ìsẹ̀ ni yóò máa wò wá láti òkè?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì pinnu pé kí Ìbíkúnlé wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ezekiel, mẹkáníìkì ní Ìkẹ́rẹ́, kí àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá a lọ, kí mẹkáníìkì má baà fi ọwọ́ kékeré mú iṣẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbéra ní Èmùré. Nínú ẹgbẹ́ yìí, iwájú ọkọ̀ ni àgbà ń jókòó. Ẹ̀yìn, lórí iṣu, jẹ́ ti obìnrin àti ti ẹni tí kò tíì ní oyè. Ènìyàn mẹ́ta ni àwọn tó ṣe Pijó ṣe ìjókòó iwájú fún, awakọ̀ wà nínú wọn. Alága nìkan tó àpò kòkó méjì tí wọ́n gán pọ̀. Bàbá Joshua kò tó o, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Bàbá Babájídé gùn, egungun rẹ̀ sì wúwo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, wọ́n mí sínú kí ilẹ̀kùn lè tì, Ìbíkúnlé sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ bí ìgbín. Ara ọrùn sítíárì ni ọ̀pá jíà Pijó máa ń wà. Orí eékún Bàbá Joshua ni jíà kejì bọ́ sí. Gbogbo ìgbà tí Ìbíkúnlé bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, yóò kọ́kọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà," Bàbá Joshua yóò sì gbé eékún.

Ọdúnayọ̀ wà lẹ́yìn lórí iṣu tó fẹ́ lọ tà ní Ìkẹ́rẹ́. Babáfẹ́mi náà dúró lẹ́yìn, ó di irin mú, ó ń wo bí Ìbíkúnlé ṣe ń wa ọkọ̀ bí adájọ́ ṣe ń wo ọ̀daràn.

Nígbà tí wọ́n gba Ìsẹ̀ kọjá, Bàbá Babájídé na ìka síta. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó níbẹ̀!" Ọkọ̀ náà dúró lábẹ́ igi kan, ó gbójú sókè bí òbúkọ tó fẹ́ já ewé. Alága wò ó títí ọrùn fi ń ro ó.

Ṣọ́ọ̀bù Ezekiel wà lẹ́bàá títì ní ìhà òkè Ọlọ́sunta. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí sípánà kan lórí tábìlì rẹ̀ tí kò nù mọ́. Ó jẹ́ kí àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ní, ká tó wá ohun tí ẹ kò ní. Báwo ni àpáta náà ṣe ga tó?"

Àwọn bàbá wo ara wọn. Nínú wákàtí mẹ́ta ìpàdé, kò sí ẹni tó béèrè ìyẹn.

Ìbíkúnlé mú igi kan jáde láti abẹ́ ìjókòó. "Mo wọ̀n ọ́n, ọ̀gá. Láti ojú ipa táyà dé orí àpáta, bí igi yìí ṣe gùn tó nìyí."

Ezekiel gba igi náà, ó wo Ìbíkúnlé lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó nà án sókè lábẹ́ abọ́ ọ́ìlì. Igi náà kọjá, àyè ìka kan sì ṣẹ́kù lórí rẹ̀.

"Sípíríǹgì ti rọ̀ díẹ̀," ó wí láti abẹ́ ọkọ̀, "ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò kan àpáta. Ẹrù wo lẹ máa ń kó síwájú?"

Ìbíkúnlé gbójú sókè, ó ń wo òkè Ọlọ́sunta bí ẹni tí kò rí i rí. Ọdúnayọ̀ wúkọ́.

"A kì í kó ẹrù síwájú," ni Alága fèsì. "Àwa ni a máa ń wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, kí ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí n wọ̀n ọ́n."

Inú bí Bàbá Joshua. "Ṣé kòkó ni wá, tí o fẹ́ gbé wa ka orí òṣùwọ̀n?"

"Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀n, bàbá. Ẹ kàn máa bá mi jókòó nínú rẹ̀ ni."

Wọ́n wọlé, Ìbíkúnlé náà wọlé. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Ezekiel tún na igi náà sábẹ́ ọkọ̀, kò kọjá mọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó sì jáde.

"Ó lọ sílẹ̀ ní ìka mẹ́ta."

Bàbá Babájídé na ọrùn kọjá iwájú Alága, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ulẹ̀ ló ga níbẹ̀ yẹn."

"Ilẹ̀ kan náà ni nígbà tí ẹ wà níta, bàbá."

"Ugi yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ ugi ló gùn sí i."

Ọdúnayọ̀ yíjú sí ẹrù iṣu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọdúnayọ̀, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni Alága bi í.

"Iṣu kan ló rí bí ojú ènìyàn, bàbá mi."

Ezekiel bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀, kí òun lè mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fà á wálẹ̀. Kò sí ẹni tó mira. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ni ẹ̀yìn tọ́ sí.

"Alága ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù," ni Bàbá Joshua wí jẹ́jẹ́.

"Èmi kẹ̀? Alága ni í kẹ́yìn ènìyàn jáde níbi gbogbo."

"Ẹ jẹ́ kí akápò lọ," ni Bàbá Babájídé wí.

"Ta ni yóò ṣọ́ Alága?" ni akápò fèsì.

Oòrùn ti mú, òógùn sì ń kán sára ìjókòó. Ezekiel fọwọ́, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Òun ló wá ní kí gbogbo wọn bá òun sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òun fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè.

Alága nu ojú. "A ti gbọ́ ti ìka mẹ́ta. Ìwọ bá wa gbé e sókè ní ìka mẹ́wàá, kí ọ̀rọ̀ tán."

"N kò lè ṣe é, bàbá."

"O kò lè ṣe é, àbí o kò mọ̀ ọ́n ṣe?" Babáfẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ní Èkó, wọ́n ń gbé e."

Ezekiel fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ títí táyà fi rọ̀ sílẹ̀ bí apá ẹni tó sùn, ó sì pe gbogbo wọn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan rọ́bà dúdú kan tó lọ láti ara ọkọ̀ sí ara táyà.

"Inú rọ́bà yìí ni omi bíréèkì ń gbà. Ẹ rí i bó ṣe nà tó báyìí? Èyí tó ṣẹ́kù kí ó tó nà tán kò ju ìka méjì lọ. Bí mo bá gbé ọkọ̀ kọjá ìyẹn, lọ́jọ́ tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, rọ́bà yìí ni yóò máa fà á sókè. Yóò já. Láti ìgbà náà lọ, ariwo ni ẹ ó máa fi dá ọkọ̀ dúró."

Ọdúnayọ̀ ní, "Áà! Ọkọ mi kò lóhùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wo oríkèé yìí náà," ni Ezekiel ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní ibi tí ó lè yí dé. Bí ẹ bá fipá mú un kọjá ibẹ̀, yóò jẹ ara rẹ̀ tán, táyà yóò sì ya lọ síbi tó wù ú. Táyà wẹ́wẹ́ tí ẹ ní kí n kì sínú sípíríǹgì, apá kan ni yóò kọ́kọ́ bọ́, ọkọ̀ yóò sì máa tiro. Sípíríǹgì típà ní tirẹ̀ kò ní tẹ̀ rárá. Gbogbo kòtò Ọgbẹ́sẹ̀ ni yóò dé eyín yín."

Bàbá Joshua fi ahọ́n ka èyí tó kù nínú eyín rẹ̀.

"Ti Ìsẹ̀ ńkọ́?" ni Bàbá Babájídé bi í pẹ̀lú ìbínú. "Ti Ìsẹ̀ tó ga!"

"Ẹ rí i níbi tó dúró sí, bàbá?"

"A rí i!"

"Ṣé ẹ ti rí i rí níbi tó ti ń rìn?"

Alága ronú sẹ́yìn títí, ó sì rántí pé abẹ́ igi kan náà ni ọkọ̀ yẹn wà lọ́dún tó kọjá, ìtàkùn sì ti ń gun táyà rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà fún ìka méjì. Ezekiel yọ sípíríǹgì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀ ti fi owó ọ̀kan ṣòfò. Ó fi tuntun tó nípọn díẹ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n ṣe fún Pijó tó ń rin ọ̀nà burúkú. Ó tún ẹsẹ̀ táyà tò kí wọ́n lè dojú kọ ọ̀nà kan náà, ó wa ọkọ̀ náà lọ, ó wà á bọ̀ ní títì, ó sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó padà wọ̀n ọ́n. Ìka méjì gan-an ni.

"Mo ti ṣe tèmi," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ pé n kò sọ fún yín. Bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níwájú, abẹ́ ọkọ̀ àti àpáta yóò fẹnu kan ẹnu ni. Ọkọ̀ a sì máa fò díẹ̀ bó bá ń lọ. Ìka kan ṣì kù. Kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Àwọn bàbá lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbìmọ̀. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, ojú Alága ń dán.

"A ti rí ìka tó kù. Ìbíkúnlé, o ti sanra."

Ìbíkúnlé wo ikùn ara rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Babáfẹ́mi tẹ́ẹ́rẹ́," ni Bàbá Joshua wí. "Ọkọ̀ yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọkọ mi ló sanra?" Ọdúnayọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti orí iṣu. "Ẹni tí mò ń fi okùn so ṣòkòtò mọ́ nídìí kí ó má baà wálẹ̀ lójú títì? Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fojú àánú wò ó!"

Ezekiel dá sí i. "Láàárín awakọ̀ méjèèjì, kò sí ìka kan níbẹ̀, bàbá. Èékánná kan gan-an kò sí níbẹ̀."

Alága rò ó. Kò fẹ́ kí mẹkáníìkì rí òun bí aláìṣòótọ́. "Ó dára. A ó dán Ìbíkúnlé wò lónìí. Bí ọkọ̀ bá kan àpáta, kódà kí ó kàn án bí ìyẹ́ adìyẹ, Babáfẹ́mi ni yóò wà á padà wálé."

Ọdúnayọ̀ kò rí àyè ta ju ìdajì iṣu rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gba Èmùré kọjá tí wọ́n sì bọ́ sí ọ̀nà oko. Ìbíkúnlé ń wo ọ̀nà, ó ń ro ìka kan. Bó bá sáré, ọkọ̀ yóò fò, yóò sì kàn. Bó bá rọra, àpáta yóò há abẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí ẹnì kan nínú àwọn bàbá sọ̀kalẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ó rí àpáta náà lókèèrè, ó rí ọ́ìlì tó ti gbẹ lórí rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, ó dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé?" ni Alága bi í.

Ìbíkúnlé sọ̀kalẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Mo ti ṣẹ̀ yín láti ọdún méjì, n kò mọ̀. Ní ilé wa, bí a bá dé ibi tó le lójú ọ̀nà, àgbà ni í kọ́kọ́ kọjá. Ọmọdé kì í ṣíwájú. Ọkọ̀ yìí ni àbíkẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ wa, ọdún méjì péré ló ní. Òun ló sì ń gbé imú síwájú yín kọjá àpáta yìí lójoojúmọ́. Ṣé a wá lè sọ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ṣe wá ní kàyéfì?"

Lẹ́yìn ọkọ̀, Ọdúnayọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Alága wo ọmọkùnrin tó wà nínú eruku yìí. Alága kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ohun tí Ìbíkúnlé ń ṣe, ó sì mọ̀ pé kò sí ibì kankan tí òun lè gbà mú un nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sì dùn ún létí.

"Ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́," ó wí.

"Ohun tí mo ti ń rò láti àárọ̀ nìyẹn," ni Bàbá Joshua fi kún un.

Alága gbá ilẹ̀kùn mú láti sọ̀kalẹ̀. Ni Bàbá Babájídé bá di apá rẹ̀ mú. "Dúró ńbẹ̀. Ta ló dàgbà jù?"

"Alága ni mí."

"Ulé ìpàdé lo ti ń ṣe Alága. Mo ti ń kọ ebè kí wọ́n tó bí ọ. Jẹ́ kí n kọjá!"

Bàbá Joshua ní akápò ló ń ru ẹrù ẹgbẹ́, òun ló sì yẹ kó yẹ ọ̀nà wò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ara wọn sí ẹnu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n há síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì tú jáde bí iṣu láti inú àpò tó ya. Bàbá Babájídé ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba orí àpáta kọjá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Ìbíkúnlé ṣáná sí ọkọ̀, ó rọra bọ́ sí ojú ipa táyà. Ọdúnayọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ gun, ó fò díẹ̀, ó sì bọ́ sí òdì kejì.

"Kò kàn!" Ọdúnayọ̀ ń jó. "Kò kàn rárá! Ìka mẹ́ta ni mo rí!"

Ọdúnayọ̀ padà sórí iṣu, Ìbíkúnlé sì dúró de àwọn bàbá kí wọ́n wọlé. Wọn kò wọlé. Wọ́n ń rìn lọ. Àwọn tó ń ro oko lẹ́bàá ọ̀nà ti nàró, wọ́n ń kí wọn.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin bàbá! Háà, ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀lé wọn!"

Alága gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni tí kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Bàbá Joshua tún agbádá ṣe. Láti àpáta dé oko jẹ́ máìlì kan ó lé. Ìbíkúnlé fi jíà kìíní tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Kò lè fọn fèrè sí wọn. Kò sì lè gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, lẹ́yìn ohun tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná, epo ń jó lásán, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru rèdíétọ̀ ti ń sún mọ́ pupa.

Lójijì Alága yíjú padà. Kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Babáfẹ́mi! Ìwọ náà bọ́ síwájú. Jẹ́ ká wo tìrẹ."

Ìbíkúnlé sọ̀kalẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì gun orí iṣu lọ bá ìyàwó rẹ̀. Babáfẹ́mi jókòó, ó gbé ọkọ̀. Ọkọ̀ fò síwájú, ó kú. Ó tún un gbé, ó tún kú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò kú, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kan ìdí Bàbá Joshua.

Bàbá Joshua fò bọ́ sínú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. "Ṣé Èkó lo rò pé o wà ni? Ṣé o fẹ́ pa akápò?"

"Rọra!" ni Alága ń kígbe. "Bá wa rìn ni mo wí!"

Babáfẹ́mi gbìyànjú. Ó ń tètè fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jù. Ó rin ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ọkọ̀ tún kú, àwọn tó wà lóko sì ti fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ Ìbíkúnlé lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà. Ohun tí mo kọ́ ni bí a ṣe ń lé ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà. Ìjọba á pè mí."

"Kí ló ń wí?" ni Alága bi Ọdúnayọ̀ láti òkèèrè.

"Ó ní ọkọ̀ yìí wúwo jù fún òun, bàbá mi!"

Alága mi orí, ó yíjú sí ọ̀nà oko, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìbíkúnlé bu omi sí rèdíétọ̀. Ó fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, ó sì tẹ̀lé àwọn bàbá rẹ̀ jẹ́jẹ́.